Omi Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Lórí Iyọ̀ Inú Ara

  Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ tí ẹ ti yí rédíò ká, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnì kan wá ìgò omi tó ṣófo, ṣíbí kékeré, ọ̀bẹ, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà díẹ̀ sí ìtòsí. A máa lò wọ́n kí ọ̀rọ̀ òní tó parí.

Ìyá kan ló bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jà. Ó ní: "Ọmọ mi, nígbà tí ọmọ-ọmọ mi ń yàgbẹ́ gbuuru, mo fún un lómi. Omi tó mọ́ ni, mo sè é kó tó tutù kí n tó fún un. Ó sì mu ún dáadáa. Kí ló wá dé tí ara rẹ̀ ń rọ síwájú sí i?"

Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ, ara rẹ̀ sì yá, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ ìbéèrè ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kò ṣe àìbìkítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ṣe ló ṣe. Ìdáhùn rẹ̀ rèé: omi nìkan kọ́ ló ń jáde lára ọmọ náà. Iyọ̀ ara rẹ̀ ń bá omi náà jáde. Ìyá dá omi padà, kò dá iyọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ wa òní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Iyọ̀ wo ló wà lára wa?

Ta ni kò tíì tọ́ omijé ara rẹ̀ wò rí? Ó níyọ̀. Ta ni òógùn kò tíì ṣàn sí lẹ́nu rí nínú oko? Òun náà níyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ níyọ̀, itọ̀ níyọ̀. Tí a bá pín ara àgbàlagbà sí ọ̀nà 10, omi tó ọ̀nà 6 nínú rẹ̀. Ti ọmọ ọwọ́ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí gbígbẹ omi fi tètè ń ṣe ọmọdé léṣe. Inú omi yìí ni oríṣiríṣi iyọ̀ yọ́ sí.

Méjì nínú wọn ló yẹ ká mọ orúkọ wọn, nítorí ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Èkíní ni sodium, òun ló wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa. Èkejì ni potassium, ó pọ̀ nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ẹ̀wà àti omi àgbọn. Kí ni iṣẹ́ wọn? Ẹ wo iná tọ́ọ̀ṣì. Gílóòbù rẹ̀ lè dára, ara rẹ̀ lè dán, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú, kò ní tàn. Àwọn iyọ̀ yìí ló dà bíi bátìrì fún wa. Àwọn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí ọpọlọ rán dé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, àwọn ló ń jẹ́ kí iṣan fà kó sì tú, àwọn ló ń jẹ́ kí ọkàn lù bó ṣe yẹ.

Kíndìnrín wa ni oníwọ̀n wọn. Bí iyọ̀ kan bá pọ̀, ó dà á sínú itọ̀. Bó bá kéré, ó dì í mú. Nígbà tí ara bá yá, a kì í mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ń lọ. Ìgbà tí ìgbẹ́ gbuuru, èébì tàbí àìsàn kíndìnrín bá dé ni ìwọ̀n náà máa ń dàrú.

Bí ó bá kéré, wàhálà. Bí ó bá pọ̀, wàhálà

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Bí ènìyàn bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tó sì ń mu omi lásán nìkan, omi á pọ̀ ju iyọ̀ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, èébì á máa gbé e, oorun àìdáa á máa kùn ún. Bó bá le, ọpọlọ á wú, gìrì á sì mú ọmọ. Ẹlòmíì á ní aráyé ló ń ṣe é. Rárá o, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti já wálẹ̀.

Bí potassium ló bá tán, ẹsẹ̀ á máa fà, ikùn á wú, gbogbo ara á rọ bí aṣọ tútù, ọkàn á sì máa lù ségesège.

Ṣé ká wá da iyọ̀ púpọ̀ sí omi? Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta ẹja, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn. Bí ẹ bá fi iyọ̀ ra ẹja tútù, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Omi á ṣàn jáde nínú rẹ̀, ẹja á gbẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iyọ̀ àpọ̀jù ṣe ń fa omi jáde nínú ọpọlọ ọmọ. Òùngbẹ á gbẹ ẹ́ gidigidi, inú á máa bí i, gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ẹ̀kúnwọ́ bu iyọ̀ sí omi ọmọ, kó mọ̀ pé ìfẹ́ rẹ̀ lè di májèlé. Ìwọ̀n ni oògùn yìí.

Níbo ni ọgbọ́n yìí ti wá?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé omi oníyọ̀ àti ṣúgà jẹ́ oògùn tálákà tí wọ́n fi ń tu wá nínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1970, onígbáméjì, tí a tún ń pè ní kọ́lẹ́rà, wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Guinea ló ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀, ó sì tàn káàkiri etíkun dé ọ̀dọ̀ wa níbí, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Onígbáméjì tó le lè mú kí àgbàlagbà pàdánù omi tó tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ẹni tó jí ní àárọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe pé kòkòrò náà jẹ ẹ́ nínú. Omi àti iyọ̀ rẹ̀ ló ṣàn tán.

Lọ́dún kejì rẹ̀, 1971, ogun lé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh lónìí. Wọ́n sá wọ India, wọ́n há mọ́ra nínú àgọ́, onígbáméjì sì dé bá wọn. Ní ìlú Bongaon, nítòsí ààlà, dókítà àwọn ọmọdé kan wà tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis. Omi abẹ́rẹ́, èyí tí a ń pè ní perfusion, ti fẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn aláìsàn kún ilẹ̀. Kí ló máa ṣe?

Ó ní kí wọ́n po iyọ̀, ṣúgà glucose àti sódà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì pọ̀ ní ìwọ̀n, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n fi omi tó mọ́ pò ó. Kò dúró de nọ́ọ̀sì. Ìyá, ọkọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò aláìsàn ló fi ife lé lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa fún ènìyàn wọn mu. Tẹ́lẹ̀, nínú 100 aláìsàn, àwọn tó ń kú lè tó 30. Nígbà tí omi yìí dé, wọn ò pé 4 mọ́. Ẹbí ló gba ẹbí là. Dókítà náà kú ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ wà nínú àpò kékeré tí a ń pè ní SRO, tó wà ní fámásì wa.

Ẹ lè bi mí pé: kí ni ṣúgà ń wá níbẹ̀? Ṣé kó lè dùn lẹ́nu ni? Rárá. Ní ọdún 1960, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Crane ti ṣàlàyé pé ẹnu ọ̀nà kan wà lára ìfun wa tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gbà wọlé. Ńṣe ni wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ mú. Bí àwọn méjèèjì bá ti wọlé, omi á tẹ̀lé wọn. Bí ìgbẹ́ gbuuru tilẹ̀ ń da ìfun láàmú, ẹnu ọ̀nà yìí kì í sábà tì. Ìdí nìyẹn tí iyọ̀ nìkan kò fi tó, tí ṣúgà nìkan kò fi tó, tí omi nìkan pàápàá kò fi tó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rìn pọ̀.

Ó yá, ẹ mú ìgò yín

Àpò SRO ló dára jù, nítorí ó ní sodium àti potassium nínú, wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tàbí fámásì, ẹ má rà á lórí àtẹ tó wà nínú oòrùn. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́: ìyẹ̀fun gbígbẹ ló gbọdọ̀ jẹ́. Bó bá ti dì tàbí tó ti yí àwọ̀ padà, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye omi tí wọ́n kọ sí i lára. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ ti lítà kan, ṣùgbọ́n ti ìdajì lítà náà wà.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí. Ìgò omi ńlá tó pọ̀ lọ́jà wa kì í ṣe lítà kan. Lítà kan àbọ̀ ni. Bí ẹ bá da àpò SRO onílítà kan sínú rẹ̀ tí ẹ sì bu omi kún un, ó ti lọ̀ jù. Bí ẹ bá sì dà á sínú ìgò kékeré onídajì lítà, iyọ̀ rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ewu nìyẹn. Ẹ yí ìgò yín wò, nọ́ńbà wà lára rẹ̀: 0,5 l ni ìdajì, 1 l ni lítà kan, 1,5 l ni lítà kan àbọ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí ẹ fi ìgò onídajì lítà wọn omi lẹ́ẹ̀mejì sínú abọ́ tó mọ́. Lítà kan ti pé. Ẹ da àpò kan ṣoṣo sí i, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ rò ó. Ẹ má fi ṣúgà, wàrà tàbí omi ọsàn kún un. Ẹ bò ó. Bí wákàtí 24 bá ti kọjá, ẹ da èyí tó kù nù, kí ẹ po òmíràn.

Ká ní ilẹ̀ ti ṣú, fámásì jìnnà, kò sí àpò SRO ńkọ́? Ẹ wọn lítà kan omi tó mọ́. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí kékeré 6. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́, kó má ga bí òkìtì. Ṣúgà oníhóró, ẹ kọ́kọ́ gún un. Lẹ́yìn náà, ẹ bu iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, ẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́, kí ẹ fi ọ̀bẹ pín in sí méjì: ìdajì péré lẹ máa lò. Ẹ rò ó, kí ẹ tọ́ ọ wò fúnra yín kí ẹ tó fún ọmọ. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bó bá níyọ̀ ju omijé, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe. Kán-ún kì í ṣe iyọ̀ o, ẹ má fi dípò rẹ̀. Ẹ rántí pé èyí tí a pò nílé yìí kò ní potassium, nítorí náà ẹ wá àpò SRO bí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Bí a ṣe ń fún ọmọ

Ìgbàkígbà tí ọmọ bá ya ìgbẹ́ omi, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 ń mu mílílítà 50 sí 100. Ọmọ ọdún 2 sí 10 ń mu 100 sí 200. Ẹni tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mu tó bó ṣe ń fẹ́. Ẹ fi ṣíbí fún ọmọdé díẹ̀díẹ̀. Bó bá bì í, ẹ má sọ pé oògùn kò bá a lára mu. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, kó falẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ. Ẹ má fi ebi pa á pé kí ikùn rẹ̀ lè sinmi. Ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ẹ̀wà tó jinná dáadáa, ẹ fún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ béèrè zinc pẹ̀lú SRO nílé ìwòsàn. Ọmọ tó ti lé ní oṣù 6 ń lo mílígíráàmù 20 lóòjọ́, èyí tí kò tíì pé oṣù 6 ń lo 10, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ìgbẹ́ bá dá lọ́jọ́ kẹta, ẹ má dá zinc dúró. Ẹ lò ó parí.

SRO kì í dá ìgbẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ èyí, torí ọ̀pọ̀ ń sọ ọ́ nù pé kò ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọmọ má kú títí ìgbẹ́ náà yóò fi lọ.

Ìgbà wo ni ká sáré?

Ẹ fi ìka méjì fa awọ ikùn ọmọ sókè, kí ẹ fi sílẹ̀. Bó bá padà kíákíá, ó dára. Bó bá ń falẹ̀ kó tó tẹ́, omi ara rẹ̀ ti lọ. Ẹ wo ojú rẹ̀, ṣé ó ti jìn wọnú? Ẹ fọwọ́ kan àwújẹ̀ ọmọ ọwọ́, ṣé ó ti wọlé? Ṣé ó ń sunkún tí omijé kò jáde? Ṣé ó ti pẹ́ tó ti tọ̀? Ṣé kò lè mumi mọ́, tàbí tí gbogbo ohun tó mu ló ń bì? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́? Ṣé ìgbẹ́ náà funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì? Ṣé gìrì mú un? Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí ti tó: ẹ gbéra. Bí ẹ bá wà lórí zémì pàápàá, bí ọmọ bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ máa fi ṣíbí fún un ní omi náà lójú ọ̀nà. Ọ̀nà wa jìn, ọ̀fun rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbẹ títí ẹ ó fi débẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn

Dókítà lè kọ ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń jẹ́ ionogramme. Ẹ má ṣe rò pé owó ni wọ́n kàn fẹ́ gbà. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ wọ̀n. Sodium yẹ kó wà láàárín 135 sí 145, potassium láàárín 3,5 sí 5. Ẹ wo bí àyè ti potassium ṣe há tó. Bó bá lọ sókè jù, ọkàn lè dúró. Bó bá já wálẹ̀ jù, ọkàn lè dúró.

Nítorí náà, ẹ ran dókítà lọ́wọ́. Ẹ sọ iye ìgbà tí aláìsàn yàgbẹ́, iye ìgbà tó bì, ìgbà tó tọ̀ kẹ́yìn. Ẹ sọ gbogbo oògùn tó ń lò, títí kan àgbo. Bàbá tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kó tọ̀ púpọ̀, kó sọ ọ́, torí oògùn yẹn ń kó iyọ̀ jáde lára. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, kó má dá ara rẹ̀ lóògùn pẹ̀lú omi àgbọn tàbí SRO. Kíndìnrín rẹ̀ kò lè da potassium tó pọ̀ nù mọ́.

Ọ̀rọ̀ perfusion náà rèé. Àwa kan wà tó jẹ́ pé bí wọn ò bá so omi kọ́ fún wa, a ó ní wọn ò tọ́jú wa. A tilẹ̀ ń wá ẹni tó máa gún un fún wa nílé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, perfusion kì í ṣe agbára tí a ń rà. Iyọ̀ ni, omi ni. Bí irú rẹ̀ tàbí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá bá àìsàn mu, ó lè ba ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹni tí kò lè mumi mọ́ ló nílò rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá lè mumi, ẹnu rẹ̀ ni ọ̀nà tó dára jù.

Iṣẹ́ àmúrelé fún ẹgbẹ́

Ní Bangladesh, láàárín 1980 sí 1990, àjọ kan tó ń jẹ́ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé, ó lé ní mílíọ̀nù 12 ilé, láti kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń po omi yìí. Owó iṣẹ́ olùkọ́ kò dá lórí iye ilé tó wọ̀. Ohun tí ìyá rántí nígbà tí wọ́n padà lọ bi í ni wọ́n ń wò. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn. Ẹ̀kọ́ tí ọwọ́ kò ṣe, etí kì í pẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó túká lónìí, kí ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ po omi náà níṣojú gbogbo yín: ìyá kan, bàbá kan, ọ̀dọ́ kan. Mo ní bàbá o, torí àìsàn kì í dúró de ìgbà tí ìyá bá ti ọjà dé. Kí gbogbo yín tọ́ ọ wò. Kí ẹgbẹ́ fi nǹkan pupa sàmì lítà kan sára abọ́ kan, kí ẹ mọ ilé tó máa wà. Kí ẹ sì dá owó díẹ̀ ra àpò SRO mélòó kan pamọ́ síbi tó gbẹ, kí òjò tó sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀. Ní ìgbà iṣu tuntun, tí àlejò ń rọ́ wọ Savalou fún ọdún iṣu ní 15 oṣù kẹjọ, ẹ má gbàgbé pé ọṣẹ àti omi tó mọ́ ló ń dènà àìsàn yìí kó tó dé.

Ìyá tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jà, ẹ ṣeun, mà. Ìdáhùn yín ti délé. Omi dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí iyọ̀ àti ṣúgà bá a rìn, ní ìwọ̀n.